Ohun tí Mo Fò Nínú Lẹ́tà Rísíkátù

Ilé wa, Ìkòròdú,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Títí ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ìgbà tí o ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí mi ò sọ. Obìnrin tí ó fún ọ ní ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ó ní kí o bá òun kí mi, tí ó ní mo gbìyànjú fún òun nígbà tí ìyá òun kú, èmi ni mo jẹ́ kí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò mọ̀. Bàbá rẹ náà kò mọ̀. Nígbà tí o ń ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, tí o ń rẹ́rìn-ín, tí o ní, "Màmá, òkìkí yín ti dé Ẹ̀pẹ́," mo sọ fún ọ pé iná ti fẹ́ tán lára fóònù mi. Iná kò fẹ́ tán. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ni.

Ní báyìí tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọjà Ẹ̀pẹ́ yẹn, tí ó jẹ́ pé orí tábìlì rẹ ni lẹ́tà àwọn ará ọjà yóò ti kọ́kọ́ máa balẹ̀, mo rí i pé mi ò lè dákẹ́ mọ́. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ náà, mi ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì sọ ibi tí mo ti rí ìmọ̀ràn ọ̀hún. Fara balẹ̀ kà á, ó máa gùn díẹ̀. O mọ̀ mí, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti lọ gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀. Bàbá rẹ bi mí ohun tí mò ń wá. Mo ní bírò ni.

O mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá ni mo kà dúró. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bà mí tó ní gbogbo ọdún tí o fi ń rí mi nídìí kọ̀m̀pútà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ibùdókọ̀ Benson, tí o rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ kó wá láti Ìkirè, kí a tó bí ọ, mo lọ kọ́ iṣẹ́ lẹ́tà títẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ọ̀gá náà mọṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ burú. Tí ọmọṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe, kò ní pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yóò ka àṣìṣe náà sókè kí àwọn oníbàárà lè gbọ́. Ní ọjọ́ kan mo tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ fún ọkùnrin kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní "interest to the work." Ọ̀gá gbé bébà náà sókè, ó ní, "Ẹ wá wo interest tí ará Ìkirè kọ o. Ó ti wọ mọ́tò, ó ń lọ sí work. Ẹ bá mi bi í bóyá yóò padà wá lónìí."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ni lẹ́tà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi fún ẹlòmíràn. Títí mo fi gba firídọ̀mù, "Interest-To" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ kọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé "interest." Mi ò lọ. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí n máa sá. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré kan bá ti fẹ́ dà mí láàmú, màá yí gbólóhùn náà padà títí mi ò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Dípò kí n kọ pé ẹnì kan ní "interest," màá kọ pé ó "like." Dípò kí n wá "solution," màá tọrọ "help." Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn ènìyàn ń yìn mí pé lẹ́tà mi kì í ní àṣìṣe. Kò ní lóòótọ́. Ohun tí mo fò ni wọn kò rí.

Nítorí náà ìmọ̀ràn kìíní nìyí, Àjọkẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, dúró tì í. Má sá fún un.

Ibi tí ó ti ń ṣòro fún wa ni pé inú Yorùbá la ti ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. A máa ń sọ pé ìfẹ́ sí iṣẹ́, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ìdáhùn sí lẹ́tà, ìbínú sí ẹnì kan. "Sí" kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ní "interest in the work," ó ní "right to the land," ó ní "reply to the letter," tó bá wá di ti ìbínú, ó ní "anger at." Àwa ń sọ "ìdí," a ti parí. Wọ́n ní "reason for the delay," ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iná jó nǹkan, "cause of the fire" ni. Mo wá ìlànà tó so wọ́n pọ̀ títí, mi ò rí i. Bóyá ó wà, kí ó jẹ́ pé èmi ni ìwé mi kò dé ibẹ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé kí n má kọ́ ọ̀rọ̀ kan ní òun nìkan mọ́. Bí a ṣe máa ń kọ orúkọ ọmọ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ sínú rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ wọ́n. Mi ò kọ "damage," "damage to" ni mo kọ. Mi ò kọ "increase," mo kọ "increase in." "Effect on." "Lack of." "Need for." "Solution to." Mo ní ìwé eléwé ọgọ́ta kan nínú àpótí ìdána mi tí mo kọ wọ́n sí, ó ti kún. O ti rí i rí, o bi mí kí ni, mo ní ìwé àdúrà ni. Dárí jì mí.

Ìkejì, èyí tó mú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ orúkọ nǹkan, ó tún lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe, kì í sì í ní ìwà kan náà níbi méjèèjì. "My request for a stall," ó dára, "for" wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń béèrè, "I request a stall" ni, "for" kò sí níbẹ̀ mọ́. "Demand" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ "I am requesting for" fún gbogbo ará Benson tán kí n tó mọ̀. Bí o bá rí i nínú àwọn fáìlì tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ.

Ó yẹ kí n wá sọ ti Rísíkátù báyìí. Mo ti ń yí i ká.

O ṣì wà ní JSS nígbà yẹn. O lè rántí obìnrin kúkúrú kan tí ó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá láti Ẹ̀pẹ́, tí ó máa ń gbé agbọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi títí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi dé. Òun ni. Ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ nínú ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ìsọ̀ tó ní òrùlé, tí kò jìnnà síbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Ejinrin ti ń já ẹrù. Ọdún mọ́kànlá ni Rísíkátù fi jókòó ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jogún ìsọ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá, ń wo ìsọ̀ náà pẹ̀lú. Nítorí èyí, Rísíkátù kò fẹ́ kí ará Ẹ̀pẹ́ kankan bá òun kọ lẹ́tà. Ó ní gbogbo àwọn tó ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀ ló bá ara wọn tan, àti pé kí òun tó délé, ọ̀rọ̀ á ti délé dè òun. Ó gbé e wá bá mi ní Benson.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tísà kan wà lórí ìdúró lẹ́yìn mi, ó ń retí fótókọ́pì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Rísíkátù sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún mi látòkèdélẹ̀, ó wá ní, "Ìyá Títí, ẹ bá mi kọ ọ́ pé èmi ni mo ní ẹ̀tọ́ sí ìsọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó dán mọ́rán. Ẹni tó bá kà á, kó mọ̀ pé kì í ṣe pé mò ń tọrọ."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ "I have a claim," ọwọ́ mi sì dúró. Claim kí ni? Tísà náà wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kí n yíjú padà kí n bi í ni, ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbà ju kí ó la ẹnu lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ti kún etí mi. Mo pa gbólóhùn náà rẹ́.

Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí la ní lẹ́tà àtijọ́ nínú kọ̀m̀pútà, tí a kàn máa ń yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Mo ṣí ọ̀kan tí ọ̀gá mi ti kọ fún ìdílé kan tí ìyá wọn kú. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Mo fi orúkọ ìyá Rísíkátù síbẹ̀. Lẹ́tà náà sọ pé ìyá ti kú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì fún gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà ayé rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á mọ ohun tó ń fẹ́. Ta ni yóò déédéé kọ lẹ́tà ikú sí ọ́fíìsì ọjà tí kò bá fẹ́ ìsọ̀?

O sì mọ àṣà iṣẹ́ wa. Bí ẹni tó ni lẹ́tà kò bá mọ̀wé kà, a gbọ́dọ̀ kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Mi ò fi èyí ṣeré rí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò kà á. Mo ní, "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló wà níbẹ̀." Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó tẹ̀ka.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, bóyá mi ò bá ti sọ fún un tipẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé èsì wá kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n wá ní bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ máa lo ìsọ̀ náà lọ, kí onítọ̀hún kọ̀wé kí oṣù tó parí. Títí, ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù nínú oṣù. Mo lè tẹ lẹ́tà mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Rísíkátù ń wo ẹnu mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kà á bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé, ṣebí a ti kọ ìyẹn? Mo ká bébà náà. Mo ní, "Wọn ò gbà."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Títí. Ẹ gbìyànjú fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ẹja mẹ́rin nínú agbọ̀n, ó fi wọ́n lé orí tábìlì mi. Mo gbà á. Mo sè é, gbogbo wa jẹ ẹ́, ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dé ọ́fíìsì, wọ́n fún un ní ìsọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, òun nìkan ló béèrè. Ibi tí o ti rí Rísíkátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lábẹ́ agboòrùn, tí eruku ń bo ẹja rẹ̀, èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

"Claim to" ni. Mo mọ̀ ọ́n ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lọ́dọ̀ tísà yẹn gan-an, nígbà tó padà wá ṣe fótókọ́pì. Mo bi í bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó dá mi lóhùn láì gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń ka bébà rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí mo bá kọ "claim on," bí mo bá kọ "claim for," tí mo tilẹ̀ kọ "claim of," ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí obìnrin náà ń wí. Ó lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò mọ̀.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́. Máa kà á lọ bó ṣe ń bọ̀.

Lẹ́tà wọn á máa dé bá ọ pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò sí ní àyè rẹ̀. Má fi bírò yí wọn po. Má kà wọ́n sókè fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì kí ẹ fi rẹ́rìn-ín, bó ti wù kó pani lẹ́rìn-ín tó. Wá ohun tí ẹni náà ń fẹ́. Bí lẹ́tà kan bá sì dé tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí kò béèrè ohunkóhun, ìyẹn gan-an ni kí o fura sí. Pe ẹni tó ni ín. Bi í ní Yorùbá pé, kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín gan-an?

Ní ti lẹ́tà tìrẹ, ìwọ kò gbọdọ̀ máa ṣe bí àwa. O kàwé jù mí lọ, ọ̀gá rẹ sì ń fẹ́ kó pé. Ṣùgbọ́n má rò pé ìwé gíga ti mú un kúrò. Nígbà tí o fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́ jáde, "the reason of my application" ló wà ní ìlà kejì. Mo sọ ọ́ di "for," mi ò sì wí nǹkan kan fún ọ. Kò dára bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń bò ọ́ láṣìírí, ohun tí mo ṣe fún Rísíkátù náà ni mo tún ń ṣe fún ọ, mo ń parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Bí o bá rí àṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí, sọ fún mi ní gbangba. Mo ti dàgbà tó báyìí.

Bi ènìyàn. Bi ẹni tó kéré sí ọ. Bi klákì, bi ẹni tó ń gbálẹ̀ bó bá mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ lára, èyí tí mo gbé yìí ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá.

Nǹkan kan tún kù, èmi ò sì ní fẹ́ kí o bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Má lọ wá fáìlì ìsọ̀ náà. Má bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, má bá ẹ̀gbọ́n Rísíkátù sọ ọ́, má sì ṣe jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kà á lójú rẹ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni. Mi ò bí ọ kí o lè máa fi ìjókòó rẹ tún ohun tí ìyá rẹ bàjẹ́ ṣe. Bí ó bá tún fẹ́ fún ọ ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́, sọ fún un pé o ti ra tìrẹ.

Mo ti fẹ́ lọ bá a nígbà kan rí. Ọdún tí o wọ yunifásítì ni. Mo wọ ọkọ̀ ní Benson, mo dé Ìtọ́ìkín lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo ní kí dírẹ́bà já mi sílẹ̀, mo sọdá títì, mo wọ èyí tó ń padà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé mo lọ wá bébà rà, wọn ò ní. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà yẹn ni pé àwọn ará Benson yóò gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé lẹ́tà wá fún mi mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni ìwọ. Bóyá o kò ní fi ojú kan náà wò mí mọ́. Mo rò ó, mo rí i pé ojú tí o fi ń wò mí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èmi ni o ń rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún bàbá rẹ, nígbà tí mo dìde lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ní ṣé màá fẹ́ kí òun sìn mí lọ. Mo ní rárá, mo dá a ṣe ni.

Ní ọ̀la, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màá wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, mi ò ní sọ̀ ní Ìtọ́ìkín. Mi ò ní yà sí ọ́fíìsì rẹ. Màá lọ bá Rísíkátù níbi tí ó ń jókòó, màá sì sọ fún un pé kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì tó sọ pé rárá fún un, pé èmi ni. Bó bá ní kí n dìde kúrò níwájú òun, màá dìde. Bó bá ní kí n dúró, màá dúró tì í títí ọjà yóò fi tú.

Ìyá rẹ ni.